Asọ̀rọ̀mágbèsì kì í dárúkọ ẹni tó ṣe é: bí a ṣe ń mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe rédíò àtijọ́

Ìtàn rédíò la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ o, ti àpótí náà fúnra rẹ̀ ni.

Nígbà tí ilé rédíò bẹ̀rẹ̀ ní Kùtọnú àti ní Lomé ní 1953, àwọn bàbá wa tí owó wà lọ́wọ́ wọn ra àpótí onípákó tí aṣọ bo ẹnu rẹ̀, tí ó ní bọ́tìnnì ńlá méjì tàbí mẹ́ta níwájú. Díẹ̀ nínú wọn ṣì wà lórí pẹpẹ tàbí nínú àjà. Bí ẹ bá bi àgbà ilé pé ta ló ṣe é, orúkọ tó wà níwájú ni yóò kà fún yín. Philips ni. Radiola ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ gbé ọ̀kan bọ̀ láti Amẹ́ríkà lè sọ pé Silvertone ni, tàbí Airline. Orúkọ yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ ẹni tó tà á ni, kì í ṣe ti ẹni tó ṣe é. Ẹni tó pàtẹ aṣọ òfì lọ́jà lè má jókòó sídìí òfì rí láyé rẹ̀.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn ẹni tó fẹ́ tún rédíò ṣe. Bí kò bá mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kò ní rí àwòrán ọ̀nà iná rẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní skẹ́mà. Ó kàn ẹni tó fẹ́ rà á àti ẹni tó fẹ́ tà á, nítorí àpótí méjì tí ohun inú wọn jẹ́ ọ̀kan náà lè gba owó méjì tó jìnnà síra nítorí orúkọ iwájú lásán. Ó sì kàn àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn ṣe é, tí orúkọ ilé iṣẹ́ wọn kò hàn níbì kankan.

Amẹ́ríkà ni ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí àṣà yìí gbilẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Ní ìlú Chicago, ilé ìtajà ńlá méjì wà tí wọ́n ń fi ìwé ọjà ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ lóko. Montgomery Ward bẹ̀rẹ̀ ní 1872, Sears, Roebuck sì tẹ̀lé e. Àgbẹ̀ yóò ṣí ìwé, yóò mú ohun tó wù ú, yóò fi owó ránṣẹ́, ọkọ̀ ojú irin yóò sì gbé ẹrù rẹ̀ wá bá a. Láti orí bàtà títí dé odindi ilé ni Sears ń tà báyẹn. Ẹ má rò pé àsọdùn ni, pákó ilé tí wọ́n ti gé sílẹ̀ ni wọ́n ń kó ránṣẹ́, oníbàárà yóò wá kàn án pọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí rédíò di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá ní àwọn ọdún 1920, ilé ìtajà méjèèjì lọ bá àwọn tó ní ilé iṣẹ́ rédíò. Wọ́n ní kí wọ́n ṣe é fún àwọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má kọ orúkọ ara wọn sí i. Silvertone ni Sears kọ síwájú tirẹ̀. Airline ni Ward kọ sí tirẹ̀.

Àwọn tó ń ta nǹkan mìíràn náà kò gbẹ́yìn. Firestone tó ń ṣe táyà mọ́tò ta rédíò tó ń jẹ́ Air Chief. Western Auto tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ta Truetone. Oní-táyà wo ló jókòó ti lámpù rédíò? Àmọ́ ọjà ni ọjà, ẹni tó bá ti ní ṣọ́ọ̀bù lè kọ orúkọ tó wù ú sí ohun tó ń tà.

Àwọn tó kọ̀wé ọjà yìí kò fẹ́ kí oníbàárà mọ ẹni tó ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ní láti mọ̀ ọ́n. Bí rédíò bá bàjẹ́, ta ni wọn yóò dá a padà fún? Ta ni yóò pèsè ẹ̀yà ara rẹ̀? Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi àmì pamọ́ sínú nọ́ńbà. Ibẹ̀ ni àwa náà ti máa ń rí àṣírí wọn.

Ẹ mú Airline ti Ward. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ báyìí: 93WG, tàbí 04BR, tàbí 84WG. WG ni Wells-Gardner, BR ni Belmont Radio, Chicago sì ni àwọn méjèèjì wà. Nọ́ńbà méjì tó ṣáájú ni ọdún, àmọ́ wọ́n yí i sẹ́yìn. 93 ni 39, ìyẹn 1939. 04 ni 1940. 84 ni 1948. Ẹni tí kò bá mọ àṣírí yìí lè ka 93 kó rò pé 1993 ni! Belmont bọ́ sọ́wọ́ Raytheon ní 1945, Raytheon kan náà tó wá ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń gbóúnjẹ kaná tí a ń pè ní máíkíróweéfù. Nítorí náà, Airline tó bá ní BR lára lẹ́yìn ọdún yẹn, ilé Raytheon ló ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò ní rí Raytheon kankan níwájú rẹ̀.

Ti Sears yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára pákó irin inú rẹ̀, ibi tí wọ́n to lámpù lé, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ṣásì. Àmì ìdánudúró kan máa ń wà láàárín nọ́ńbà náà. Nọ́ńbà mẹ́ta tó ṣáájú àmì yẹn ló ń sọ ẹni tó ṣe é. Bí ẹ bá rí 528, Warwick ni. Sears kò fi mọ sórí rédíò nìkan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sí gbogbo ẹrù rẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ Kenmore tí nọ́ńbà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 110, iṣẹ́ ọwọ́ Whirlpool ni. Ilé iṣẹ́ mìíràn tó ṣe ọ̀pọ̀ rédíò fún Sears ni Colonial Radio ní ìlú Buffalo. Ní 1944, Sylvania ra Colonial. Iye àwọn tó ra Silvertone pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè Colonial, wọn yóò ní àwọn kò gbọ́ ọ rí.

Èyí tó ya èmi lẹ́nu jù ni ti RCA, nítorí RCA kì í ṣe ilé ìtajà lásán. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń dá bí wọ́n bá ń sọ ti rédíò Amẹ́ríkà. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1919, ó sì ń ta rédíò tó ń jẹ́ Radiola ní àwọn ọdún 1920. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún yẹn, RCA kò ṣe ẹyọ kan. General Electric àti Westinghouse ló ń ṣe é, RCA sì ń tà á. Wọ́n tilẹ̀ pín in: nínú 100, General Electric ń ṣe 60, Westinghouse ń ṣe 40. Ìyẹn ni pé Radiola méjì tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà lè jẹ́ iṣẹ́ ilé iṣẹ́ méjì tó ń bá ara wọn du ọjà lórí nǹkan mìíràn, tí àwọn onímọ̀ tó yàtọ̀ síra ya àwòrán wọn.

Ẹ wo ìṣòro tó wà nínú ètò bẹ́ẹ̀. RCA ló ń gbọ́ ohun tí oníbàárà ń fẹ́, ṣùgbọ́n kò lè pàṣẹ nínú ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn. Kí ìròyìn tó ti ọjà dé ilé iṣẹ́ méjèèjì, kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan, àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ti gbé tuntun jáde. David Sarnoff, tó di ọ̀gá RCA nígbẹ̀yìn, kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1929, RCA ra Victor Talking Machine, ilé iṣẹ́ awo orin tó ní ọgbà ńlá ní Camden, ní New Jersey. Láti ìgbà náà ni RCA ti ń ṣe rédíò tirẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé Radiola ọdún 1925 wá tó ní RCA ló ṣe é, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ẹ yí i sẹ́yìn wò.

Victor yìí ló ni ajá tó jókòó síwájú ẹnu gramafóònù, tó ń gbọ́ ohùn olówó rẹ̀. Àwọn àgbà wa mọ ajá náà dáadáa, nítorí ó wà lára awo orin HMV, awo orin Yorùbá náà sì wà nínú wọn. Àmọ́ ajá kan ṣoṣo yìí ní olówó mẹ́ta: Victor ní Amẹ́ríkà, HMV ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Victor ti Japan tí a mọ̀ sí JVC. Ajá kò lè sọ ilẹ̀ tí rédíò ti wá fún yín. Kódà HMV ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1957, ilé iṣẹ́ Thorn, àwọn tó ń ṣe Ferguson, ló gba iṣẹ́ rédíò rẹ̀. Ajá ṣì jókòó níwájú, àwọn tó wà lẹ́yìn ti yí padà.

Ohun kan wà tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, ó sì yẹ kí a dúró lé e lórí. Bí ẹ bá ṣí ẹ̀yìn rédíò Amẹ́ríkà, ẹ ó rí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tí ó kún fún ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́, tí orúkọ RCA tàbí Hazeltine sì hàn nínú rẹ̀ gbangba. Kíá, ènìyàn yóò kígbe pé òun ti rí ẹni tó ṣe é. Rárá o. Bébà ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn. RCA ló ni ẹ̀tọ́ lórí ọ̀pọ̀ ọgbọ́n tí a fi ń ṣe rédíò, bí ẹni tó ni ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ń dáko lé. Láti 1927 ló ti ń gba 7.5 nínú 100 lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó fẹ́ lo ọgbọ́n náà. Bébà yẹn ń jẹ́rìí pé ẹni tó ṣe rédíò náà ti gba àṣẹ. Ẹni tó gba ìṣákọ́lẹ̀ kọ́ ló gbin iṣu.

Lámpù inú rẹ̀ náà lè tanni jẹ. Bí ẹ bá rí lámpù tí wọ́n kọ RCA sí, ìyẹn kò sọ rédíò náà di ti RCA, nítorí lámpù máa ń jó, wọn a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà mìíràn wà tí wọn kì í sáábà pààrọ̀, àwọn ẹ̀yà yìí sì ní nọ́ńbà tiwọn. Àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà fohùn ṣọ̀kan pé kí olúkúlùkù ní nọ́ńbà ìdánimọ̀: 274 ni RCA, 188 ni General Electric, 220 ni Jensen tó ń ṣe sípíkà, 137 ni CTS tó ń ṣe ẹ̀yà tí a fi ń yí ohùn sókè sódò. Lẹ́yìn nọ́ńbà yìí ni ọdún àti ọ̀sẹ̀ máa ń tẹ̀lé. Ká ní ẹ rí 220 412 lára sípíkà, Jensen ló ṣe sípíkà náà, ní ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún tó parí sí 4. Ṣé 1944 ni àbí 1954? Ìrísí rédíò náà ni yóò bá yín yanjú ìyẹn. Nọ́ńbà ẹ̀yà ń sọ ẹni tó ṣe ẹ̀yà. Kò sọ ẹni tó to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ohun tó wúlò jù níbẹ̀ ni pé rédíò kò lè dàgbà ju sípíkà tí a bí i mọ́ lọ. Bí ẹnì kan bá ní ọdún 1948 ni rédíò òun, tí sípíkà rẹ̀ tí a kò pààrọ̀ rí sì ń sọ 1954, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé wàyí, sí ohun tó wọ Dàhòmì àti Togo láti ilẹ̀ Yúróòpù.

Radiola tó wà ní ilé àwọn àgbà wa kì í ṣe Radiola ti RCA. Orúkọ kan náà, ilé méjì tí kò bá ara wọn tan. Ti Faransé bẹ̀rẹ̀ ní 1922, ó sì fi orúkọ náà fún ilé rédíò kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, èyí tó wá di Radio-Paris ní 1924. Lẹ́yìn náà, ní àwọn ọdún 1930, Philips ti ilẹ̀ Netherlands na ọwọ́ mú La Radiotechnique, ilé iṣẹ́ tó wà ní Suresnes lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris, Radiola sì bọ́ sábẹ́ agboolé Philips. Láti ìgbà náà, Philips ti Faransé àti Radiola di ìbejì. Ẹ gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: aṣọ iwájú lè yàtọ̀, bọ́tìnnì lè yàtọ̀. Ẹ ṣí ẹ̀yìn wọn, ẹ ó rí ṣásì kan náà. Mo ti gbọ́ tí àwọn méjì ń jiyàn lórí èyí tó lágbára jù nínú Philips àti Radiola, bí ẹni ń jiyàn pé Táíwò ga ju Kẹ́hìndé lọ.

Philips fúnra rẹ̀ kò ṣe gbogbo rẹ̀ sí ibì kan. Lára àwọn rédíò orí tábìlì tó ṣe lẹ́yìn ogun, lẹ́tà kejì nínú nọ́ńbà rẹ̀ ló ń sọ ilẹ̀ tó ti wá. BX ni ti Netherlands. BF ni ti Faransé. BD ni ti Jámánì, BI ni ti Italy. Nítorí náà, BF àti BD lè jẹ́ Philips méjèèjì, ṣùgbọ́n kí ohun inú wọn má jọra, kí skẹ́mà ọ̀kan má wúlò fún èkejì. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe tí kò bá ka lẹ́tà yẹn lè fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko wá ohun tí kò sọnù.

Lámpù Philips náà ní àmì tirẹ̀. Ẹ wá ìlà kékeré méjì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ gíláàsì, wọn kì í fi ọ̀dà tó hàn kọ ọ́, ẹ lè ní láti mú iná tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ọn. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì ni ilé iṣẹ́. B ni Blackburn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, F ni Suresnes, D ni Hamburg. Bí ó bá jẹ́ àwòrán onígun mẹ́ta, Heerlen ni, ní Netherlands. Àwọn ilé yìí ń ta lámpù fún ara wọn, wọ́n sì ń kọ orúkọ ẹlòmíràn sí i lára. Lámpù Amperex tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú rẹ̀ Heerlen ló ti wá. Orúkọ ńlá ara gíláàsì ni ti ọlọ́jà, lẹ́tà kékeré ìsàlẹ̀ ni ti oníṣẹ́.

Nígbà tí rédíò kékeré tó ń lo pílì dé, tí àwọn ará wa ní apá Nàìjíríà ń pè é ní bátìrì, ọ̀rọ̀ orúkọ yìí tún le sí i. Ní oṣù kẹwàá 1954, Amẹ́ríkà gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde, Regency TR-1, ní dọ́là 49.95. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ọkùnrin ará Japan kan tó ń jẹ́ Akio Morita gbé rédíò kékeré tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe lọ sí New York. Bulova, ilé iṣẹ́ aago tó lórúkọ, ní àwọn fẹ́ 100,000. Ẹyọ ohun kan ló kù: Bulova ni wọn yóò kọ sí i lára. Owó ọjà náà ju gbogbo owó tí ilé iṣẹ́ Morita fi dá iṣẹ́ sílẹ̀ lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ní kó gbà á, kó gbàgbé ọ̀rọ̀ orúkọ. Ó kọ̀. Nígbà tí ẹni Bulova rán an létí pé àádọ́ta ọdún ni àwọn fi kọ́ orúkọ tiwọn, Morita dá a lóhùn pé àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, wọn kò mọ orúkọ tiyín náà, àwa ti bẹ̀rẹ̀ àádọ́ta ọdún tiwa lónìí. Sony ni orúkọ tó gbé rìn nígbà yẹn, tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Amẹ́ríkà.

Ní èrò tèmi, ìtàn yìí ló fi ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí hàn wá jù. Wells-Gardner, Belmont àti Colonial gba irú ọjà tí Morita kọ̀. Wọn kò ṣe àìdára; iṣẹ́ wọn dára, owó wọn sì wọlé. Àmọ́ lónìí, ẹni tó bá fẹ́ rí wọn ní láti fi tọ́ọ̀ṣì wá wọn lẹ́yìn àpótí.

Òdì-kejì rẹ̀ náà wà. National àti Panasonic tí a ń rí lọ́jà Dàntọ́kpá láyé ìgbà kan, tí àwọn kan ń sọ pé ọ̀kan ló dára ju èkejì, ọwọ́ kan ló ṣe wọ́n. Matsushita ti Japan ni. Ilé iṣẹ́ mìíràn ti ń jẹ́ National ní Amẹ́ríkà kó tó dé ibẹ̀, ló fi ń lo Panasonic lọ́hùn-ún. Ní 2008, ó sọ gbogbo ara rẹ̀ di Panasonic.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan kí a tó ṣíwọ́. Ẹ má ki rédíò àtijọ́ bọ iná nítorí pé ẹ ti mọ ẹni tó ṣe é. Ti Amẹ́ríkà, iná 110 sí 120 fóòtì ló ń lò, tiwa sì jẹ́ 220. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní trànsífọ́mà rárá. Apá kan wáyà iná lọ tààrà sára irin ṣásì, ẹni tó bá fọwọ́ kan irin náà nígbà tí bọ́tìnnì rẹ̀ bá ti yọ lè kú. Kọ̀ǹdáńsà onípépà inú wọn náà ti gbó, ó lè gbiná. Ti Faransé, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ibì kan wà tí a ti ń yí i sí 110 tàbí 220, ó sì lè jẹ́ 110 ni wọ́n fi sílẹ̀ sí láti ọjọ́ tó ti dákẹ́.

Ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò nínú iná, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má tíì nu eruku. Bébà tó wà nílẹ̀ àpótí tàbí lára pákó ẹ̀yìn máa ń fọ́ sọ́wọ́ bí omi bá kàn án, nọ́ńbà tí a fi ọ̀dà kọ sára lámpù sì máa ń bá àkísà lọ. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò. Kí ẹ wá lọ bá àgbà tó mọ ọjọ́ tí rédíò náà wọlé, ẹ bi í léèrè ẹni tó rà á, iye tó rà á, àti ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á, bóyá ti CFAO ni, ti SCOA, tàbí ti John Holt. Kí ẹ kọ ohun tó bá sọ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà, pẹ̀lú déètì ọjọ́ tó sọ ọ́.